Kì í ṣe àwọn onílẹ̀ ló jà ní Tambov

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

A ka àpilẹ̀kọ yín tó sọ pé àwọn onílẹ̀ ọlọ́rọ̀ nìkan ló dìde sí ìjọba Bolshevik, ìyẹn àwọn Kọ́múníìsì, ní Rọ́ṣíà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo Tambov, àgbègbè oko tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Moscow.

Kí ọdún 1920 tó dé, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti pín ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá mọ́wọ́. Ọkà ló dá ìjà sílẹ̀. Mílíọ̀nù 11.5 pood ọkà ni ìjọba bù lé Tambov lórí lọ́dún náà (pood ni òṣùwọ̀n Rọ́ṣíà nígbà náà). Pood mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àpò ìrẹsì kan. Wọ́n pín in kan abúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo abúlé ló sì jọ jẹ gbèsè ọ̀hún: ẹni tó san tirẹ̀ tán ṣì lè san ti aládùúgbò tí kò ní. Ọ̀dá dá lọ́dún yẹn, síbẹ̀ àwọn agbọkà ń kó ọkà irúgbìn pàápàá. Ẹni tó bá gba èbù lọ́wọ́ àgbẹ̀ Rẹ́mọ, oúnjẹ àmọ́dún ló gbà.

Oṣù kẹjọ ni ìjà bẹ́. Antonov tó ṣíwájú wọn ti ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ní Kirsanov, ìlú kan ní Tambov, lábẹ́ ìjọba Bolshevik kan náà kó tó wọgbó. Ṣé onílẹ̀ nìyẹn?

Abúlé ló ń bọ́ àwọn ajagun Antonov, ló ń pààrọ̀ ẹṣin fún wọn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìjọba fi dojú kọ ẹbí wọn. Àṣẹ 171 ti ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, 1921 ló burú jù: ẹni tó bá kọ̀ láti sọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n yìnbọn pa á lójú ẹsẹ̀ láìdé kóòtù. Abúlé tó bá fi ìbọn pamọ́, kí wọ́n mú èèyàn níbẹ̀ bí ìdógò, kí wọ́n pa wọ́n bí ìbọn kò bá jáde. Ilé tó bá gba ọlọ̀tẹ̀ sílé, kí wọ́n pa ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹbí náà, kí wọ́n lé ẹbí yòókù kúrò ní Tambov, kí wọ́n gba ẹrù wọn. Lọ́jọ́ kejì, Tukhachevsky, olórí ogun ìjọba níbẹ̀, tún pàṣẹ gáàsì olóró sínú igbó.

Ṣùgbọ́n ìbọn nìkan kọ́ ló parí rẹ̀. Láti oṣù kejì, 1921 ni wọ́n ti dá gbígba ọkà tipátipá dúró ní Tambov. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì padà sóko. Èyí ni àpilẹ̀kọ yín fò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ àtúnṣe náà jáde.

Àwa olùkọ́ ìtàn mélòó kan,
Ṣàgámù.