Ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ fóònù nínú bàálù yín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàálù yín ni mo wọ̀ láti Èkó lọ sí Àbújá lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, òun náà ni mo sì wọ̀ padà ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí à ń lọ, òṣìṣẹ́ yín ní kí oníkálukú fi fóònù rẹ̀ sí airplane mode (èyí tí kì í jẹ́ kí fóònù wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bó tilẹ̀ wà ní títàn), pé ìyẹn ti tó. Nígbà tí à ń bọ̀, òṣìṣẹ́ mìíràn ní àfi ká pa á pátápátá. Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa tiwọn, ọmọ wọn ló máa ń bá wọn ṣe é. Kàkà kí òṣìṣẹ́ yín ràn wọ́n lọ́wọ́, ńṣe ló jágbe mọ́ wọn lójú gbogbo èrò, ó ní òun máa ní kí wọ́n wá fà wọ́n sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo gba fóònù náà, tí mo bá wọn pa á. Màmá ò la ẹnu mọ́ títí a fi balẹ̀ ní Ìkẹjà.

Ṣé òfin ni? Ó dáa. Alágbádá kan wà níwájú, níbi ìjókòó olówó gọbọi, tó ń pariwo sórí fóònù nígbà tí bàálù ti ń yí lọ síbi tó ti máa gbéra. Gbogbo wa la gbọ́ iye tó ń ná ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa kùn sétí awakọ̀ bàálù. Ohun tí wọ́n ṣe ṣe airplane mode nìyẹn. Láti ìparí ọdún 2013 ni Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti fàyè gba kí èrò máa lo fóònù bẹ́ẹ̀ láti ìgbéra dé ìbalẹ̀. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òfin kan ṣoṣo, kó sì kan alágbádá.

Ẹ kọ ọ́ sínú tíkẹ́ẹ̀tì (orí fóònù náà kúkú lẹ ń fi í ránṣẹ́ sí), kí ẹ sì máa kéde rẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Orúkọ màmá yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ tọrọ àforíjì.

Ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èsì tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni mo ń retí, kì í ṣe èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń fi ránṣẹ́ pé ẹ ti rí lẹ́tà mi gbà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.