Ẹ Jẹ́ Kí Àwa Olùkọ́ Fọwọ́ Ara Wa Ṣe É Ná

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́, ìkéde tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ló wá jẹ́ kí n mú bíírò.

Wọ́n ní àwọn ọmọ JSS, ìyẹn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, yóò máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Títo iná sólà wà níbẹ̀, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe náà wà níbẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú yàrá àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa ń bi ara wa: ta ni yóò kọ́ wọn? Àwa tí a jókòó síbẹ̀ yẹn náà ni.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS. Bàólójì ni mo kà gba NCE, ìwé ẹ̀rí àwa olùkọ́. Nígbà tí wọ́n wá pa sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti eré ìdárayá pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Basic Science and Technology, èmi oníbàólójì ni apá ẹ̀rọ já lé léjìká. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nípa ayùn nìyí: mo ya ayùn sójú pátákó, mo kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, àwọn ọmọ dà á kọ. Ọmọ káfíńtà wà láàárín wọn tó ti bá bàbá rẹ̀ fi ayùn gé pákó láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Òun náà jókòó, ó ń da àwòrán mi kọ.

Kì í ṣe pé wọn kì í pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pè wá. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò èyí tí mo lọ gbẹ̀yìn, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, àwa tí a wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ gbé àwòrán rọ́bọ́ọ̀tì sójú ògiri, wọ́n ní kí a máa kọ́ àwọn ọmọ láti ronú bí ẹnjiníà. Iná lọ. Wọ́n wá dísù lọ, kí wọ́n tó dé, ó ti di àsìkò oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fún olúkúlùkù ní ìwé ẹ̀rí, a ya fọ́tò, a wọ mọ́tò lọ sílé. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan súkúrù ẹyọ kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo padà sí ìdí pátákó mi, mo tún ya ayùn.

Àwọn tó dàgbà nínú ẹ̀yin òǹkàwé á rántí Intro Tech, iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ́ ní JSS nígbà náà. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba fi owó gọbọi ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ni kò kúrò nínú àpótí tí wọ́n fi kó o wá. Ilé-ìwé kan ò níná, òmíràn ò ní yàrá tí wọ́n á gbé e sí, èyí tó sì ní méjèèjì ò ní olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan án. A ra ẹ̀rọ ká tó wá ẹni tí yóò lò ó. Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ni pé a tún fẹ́ fi sólà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí èrò tèmi padà. Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 2 tó máa ń pẹ́ dé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun ń bá bàbá òun ká òwú. Nígbà tí ilé-ìwé parí, mo bá a lọ sí abẹ́ ilé tí bàbá rẹ̀ ti ń hun aṣọ òkè. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọjá níwájú òfì ní ìlú yìí, àmọ́ n kò dúró wò ó rí. Òwú nà gbọọrọ lọ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú títì. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n so ó mọ́ pákó kan tó wà nílẹ̀, wọ́n gbé òkúta lé pákó náà. Bí Bàbá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ kan, ìdajì òwú á gbéra sókè, ìdajì á relẹ̀, ọkọ̀, igi kékeré tó gbé òwú ìhunṣọ sínú, á gba àárín wọn kọjá. Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ kejì, èyí tó wà lókè á wálẹ̀, ọkọ̀ á padà. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i tí wọ́n ń ká a mọ́ igi tó wà níwájú wọn, bẹ́ẹ̀ ni pákó òun òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí òkúta náà ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Tíṣà, bó bá fúyẹ́, òwú á dẹ̀, ọkọ̀ á máa kọ́ ọ. Bó bá wúwo jù, á já. Òwú kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀, ẹni tó bá ti já a rí ló ń mọ̀ ọ́n.”

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta sọ fún wa nínú gbọ̀ngàn tí kò yé wa, Bàbá ti sọ ọ́ tán láìdá iṣẹ́ dúró. Sáyẹ́ǹsì ń wá ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Iṣẹ́ ẹnjiníà ní tirẹ̀, nǹkan kan wà tí a fẹ́ kó ṣe fún wa, ibì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, owó àti ohun èlò mọ níwọ̀n, a ó máa dán an wò, yóò máa bàjẹ́, a ó máa tún un ṣe títí yóò fi jẹ́.

Mo pinnu pé àwọn ọmọ mi yóò kan òfì kékeré, èyí tó lè hun aṣọ tó gùn tó rúlà kan. Àmọ́ mo kọ́kọ́ kan tèmi nílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kàn án, ẹ̀ẹ̀mejì ló wó. Igi mẹ́rin ni mo kàn ní igun mẹ́rin, mo rò pé ó ti parí, bí mo ṣe fa òwú rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Káfíńtà àdúgbò wa ló wò ó, wọ́n dábùú igi kan ṣoṣo láti igun kan dé igun kejì, ó sì dúró gbagidi. Igun mẹ́rin a máa yẹ̀. Onígun mẹ́ta kì í yẹ̀ àfi bí igi rẹ̀ bá ṣẹ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ látinú ìwé láti ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí òfì wó mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wá gbé e fún kíláàsì, mo pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo ní igi àjákù, páálí àti okùn ni kí wọ́n lò. Píọ̀ wọ́tà la fi rọ́pò òkúta, nítorí ìdajì lítà ni ọ̀kan, ìyẹn ìdajì kílò. Ọ̀wọ́ kan gbé mẹ́ta kọ́ ọ, òwú já. Wọ́n gbé ẹyọ kan, òwú dẹ̀. Wọ́n gbé méjì, ó ṣì le jù díẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu ọ̀kan, kí omi máa ro jáde títí òwú yóò fi gbà. Èmi ò ronú débẹ̀. A gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, a wọn omi tó jáde, a kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí òwú tó tutù kò fi já bí èyí tó gbẹ. Mo ní mi ò mọ̀, pé ká lọ bi Bàbá, ká sì dán an wò fúnra wa. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀rù ì bá bà mí láti sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Ẹni tí òfì ti wó mọ́ lọ́wọ́ ni kì í bẹ̀rù ìbéèrè.

Yorùbá ni wọ́n fi jiyàn gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, n kò dá wọn lẹ́kun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ohun tí a kì í sábà fi kún ìtàn náà ni pé wọ́n kọ ìwé fún àwọn olùkọ́ yẹn, wọ́n sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọn yóò ṣe lò ó. Wọn ò kàn pàṣẹ fún wọn.

Mi ò ní fi pamọ́ pé òfì yẹn ná wa ní nǹkan. Ìpàdé kíláàsì mẹ́fà ló gbà, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ sáà. Ẹni tó wá yẹ ìwé iṣẹ́ mi wò kò dunnú sí i, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí ohun tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Bí a bá fẹ́ kí olùkọ́ máa ṣe èyí, àfi kí wọ́n dín orí ẹ̀kọ́ tí a gbọ́dọ̀ parí kù.

Àwọn tó lè dá wa lẹ́kọ̀ọ́ wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Akọ́kà ti wà láti 1967, STAN, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ti wà láti 1957. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, ni pé kí wọ́n mú nínú owó gbọ̀ngàn àti owó fọ́tò, kí wọ́n fi ra ayùn, sípánà àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Kí wọ́n kó wa jọ ní ogún-ogún. Kí olùkọ́ tó bá máa kọ́ni ní sólà fọwọ́ ara rẹ̀ to ọ̀kan, kó fi ewé bo igun rẹ̀, kó fojú rí bí nọ́ńbà orí mítà ṣe ń já wálẹ̀, nítorí ojú kéékèèké inú páànẹ́lì so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, òjìji orí ọ̀kan lè dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Kó lọ gbé e wọ kíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n tún pè wá, kí kálukú wá sọ ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n sì pe káfíńtà, jórinjórin, rewáyà àti ahunṣọ wá jókòó láàárín àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n san owó fún wọn bí wọ́n ṣe ń san án fún àwọn tó wá láti yunifásítì.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ọjọ́ kan péré ni mo ń tọrọ nínú rẹ̀, ká fi lọ jókòó sídìí òfì. Mo ti bá Bàbá sọ ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá wù wá ni ká wá, kó ṣáà má ti jẹ́ ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.