Ọ̀la ni ọkọ̀ wa yóò ṣí sí ìhà gúúsù

Norfolk, Virginia,
Ọjọ́ 30, oṣù Ọ̀wàrà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Ẹ̀pẹ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Àwa náà wà bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo rí ìwé rẹ gbà, mo kà á sí ọkọ mi létí, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ béèrè ohun tó lè mú àgbàlagbà méjì tó ti fẹ̀yìntì fi ilé sílẹ̀ lọ gbé inú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú lè gbé wọn dé Florida kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú wọn. Nítorí pé ọ̀la la ó ṣí, mo fẹ́ dá ọ lóhùn dáadáa lálẹ́ yìí.

Òtútù ni ìdí kìíní. Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tí a ń fi aṣọ òfì bora fún. Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé, orúnkún ọkọ mi méjèèjì ló máa ń bá jà, ọjọ́ mìíràn sì wà tí èmi ni mo ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀. À bá ti lọ láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà ìjì líle orí òkun Àtìláńtíìkì kì í parí títí di ọjọ́ 30 oṣù Bélú, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sì í fẹ́ kí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ ààbò wọn tètè sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù. Bí a bá sì pẹ́ jù, òtútù yóò bá wa lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń rin ìrìn yìí lọ́dọọdún, títí kan àwọn tó ti Kánádà wá, fi máa ń pọ̀ ní àgbègbè yìí lásìkò tí a wà yìí.

Fi ọkàn rẹ balẹ̀, kì í ṣe agbami òkun la fẹ́ gbà. Ọ̀nà omi kan wà tó gba inú ilẹ̀ kọjá, Intracoastal Waterway ni orúkọ rẹ̀, tó so odò mọ́ ọ̀sà, tó so ọ̀sà mọ́ ipa omi tí ènìyàn gbẹ́, tí àwọn erékùṣù oníyanrìn sì ń gba ìgbì òkun sílẹ̀ fún ní ibi púpọ̀. Ìwọ tí o ti wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó lórí ọ̀sà láìfojú kan òkun, o mọ irú ọ̀nà tí mò ń sọ. Norfolk níbí gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì rẹ̀: St. Augustine ní Florida tí à ń lọ wà ní nǹkan bí máìlì 778, Miami sì wà ní nǹkan bí máìlì 1,095, bí òtútù bá lé wa débẹ̀. Ọkọ̀ wa kì í sáré. Bí a bá ṣí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí a sì dúró kí ilẹ̀ tó ṣú, a lè rin máìlì 50 lóòjọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ka ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ tí ojú ọjọ́ kò dára mọ́ ọn, yóò ju oṣù kan lọ kí a tó dé. Ìrìn òru kò sí nínú ètò wa rárá. Òpó àmì tó pupa ni a ó máa fi sí ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ní àwọ̀ ewé sí ọwọ́ òsì. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni yanrìn, nítorí pé níbi tí omi òkun ti ń ya wọlé, yanrìn a máa ṣí nípò, ibi tó jìn lésìí sì lè gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀ lọ́dún yìí. Albemarle Sound ní North Carolina náà gba sùúrù: ó fẹ̀, kò jìn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti tó láti sọ ojú rẹ̀ di ìgbì kúkúrú tí ń gbá tẹ̀ lé ara wọn. A ti fẹnu kò pé bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ níbẹ̀, Elizabeth City la ó dúró sí, ìbáà ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ìbáà ṣe ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni mo wá kàn báyìí. Ọ̀nà méjì ló kúrò ní Norfolk lọ sí North Carolina. Èyí tó gba Great Bridge fẹ̀, ó jìn, òun sì ni ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Èkejì la irà ńlá kan já, Great Dismal Swamp. Máìlì 22 ni ipa omi náà, tóóró ni, ìtì igi a sì máa léfòó nínú rẹ̀. Ti Great Bridge ni ọkọ mi kọ́kọ́ yàn, nítorí pé ó ń ro própẹ́là ọkọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé inú irà la ó gbà, ó sì gbà fún mi nígbà tí mo sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn ẹrú ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà. Ọdún 1793 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún 1805 ni wọ́n ṣí i fún ọkọ̀. Moses Grandy, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Camden County ní North Carolina, wa ọkọ̀ ẹrù lórí omi yìí, ó sì sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní London ní ọdún 1843. Ó ní àwọn tó ń gbẹ́ irú ibẹ̀ a máa wà nínú ẹrẹ̀ àti omi dé ìbàdí, nígbà mìíràn kọjá ìbàdí, wọn a máa gé gbòǹgbò, wọn a máa gbọ́n ẹrẹ̀ dànù, níwọ̀n ìgbà tí orí wọn bá sì ti yọ lókè omi, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yìí san owó ara rẹ̀: olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ gba owó tán, ó tún tà á, ẹnì kejì gba owó, àṣé ó ti fi í dúró fún gbèsè, ìgbà kẹta ló tó di òmìnira. Inú irà yìí kan náà ni àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ti lọ tẹ̀dó, lórí àwọn ilẹ̀ gíga tí omi kò bò, ọmọ sì wà tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbé sọdá òkun ni wọ́n àti àwọn baba ńlá wọn, Ìyá Ìbejì. Mo fẹ́ gba orí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọjá ní pẹ̀lẹ́, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní èdè wa.

Lóṣù tó kọjá, a wa mọ́tò lọ sí Deep Creek, níbi tí ipa omi inú irà náà ti bẹ̀rẹ̀, láti wo bí ọkọ̀ ṣe ń wọ inú rẹ̀. Omi irà ga ju omi odò ìsàlẹ̀ lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8, nítorí náà wọ́n mọ ògiri sí apá méjèèjì ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn ńlá síwájú àti sẹ́yìn. Ọkọ̀ kan wọlé lójú wa. Obìnrin kan wà níwájú, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn, oníkálukú mú okùn tí wọ́n ti fi kọ́ òpó lókè ògiri. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ó ń hó, ọkọ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, obìnrin náà sì ń fa okùn rẹ̀ mọ́ra kí ó má baà dẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀kùn iwájú fi ṣí. Iṣẹ́ obìnrin yẹn ni yóò di tèmi lọ́la. Omi náà pọ́n dúdú, nítorí igi àti ewé tó ń rà nínú irà, imú ọkọ̀ funfun tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá a máa ní àbàwọ́n tí ọṣẹ lásán kì í tètè fọ̀. Mo ti bẹ ọkọ mi pé kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó wù mí kí a pẹ́ díẹ̀ ní Beaufort, ní South Carolina. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Robert Smalls sí ní ọdún 1839, ẹni tó jẹ́ pé, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrú, ó wa ọkọ̀ Planter tí àwọn ọmọ ogun Gúúsù ń lò nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kúrò ní Charleston ní òru ọjọ́ 13 oṣù Èbìbí, ọdún 1862, pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, tó ń fọn fèrè ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ ti máa ń fọn ọ́n títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Àríwá. Ojú omi Charleston yẹn kan náà la ó gbà. Láti Beaufort, Ọ̀yọ́túnjí kò jìnnà, ìlú tí Ọba Adéfúnmi Kìíní tẹ̀ dó ní ọdún 1970, ọmọ Detroit tó lọ dóṣù òrìṣà ní Matanzas ní Cuba ní ọdún 1959, tí wọ́n sì dé ládé ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1981. O mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, síbẹ̀ ó wù mí kí n kí wọn ní Yorùbá, kí n sì gbọ́ bí wọn yóò ṣe dá mi lóhùn. Ní Georgia, omi a máa kún, a sì máa fà ní ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 9, nítorí náà ọkọ mi ti ra okùn ìdákọ̀ró tó gùn sí i.

Oúnjẹ ti pé. Gàrí Ìjẹ̀bú tí o fi ránṣẹ́ wà nínú ike olómorí nítorí ọ̀rinrin. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti edé wà lábẹ́ ibùsùn. Ọkọ mi ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà dísù, ó sì ní òmíràn nípamọ́.

Má dẹ́kun àdúrà fún wa, má sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ bí ìdáhùn mi bá pẹ́ lórí WhatsApp, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣòro nínú irà. Alaalẹ́ ni a ó máa sọ ibi tí a sùn sí fún ọmọ mi obìnrin. Òun ni kí o pè. Bí ìbẹ̀wò rẹ sọ́dọ̀ Táyé ní Atlanta nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ṣì dúró, jọ̀wọ́ ní kí ó wà ọ́ wá sí St. Augustine. Yàrá kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ yóò wà ní ìmúrasílẹ̀ dè ọ́, a ó sì jọ lọ wo Fort Mose, níbi tí àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìlú tiwọn láti ọdún 1738. Kọ̀wé sí mi kí oṣù Bélú tó parí, kí n lè mọ ọjọ́ tí o ń bọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Bọ́sẹ̀