Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Olóúnjẹ, Onízobo àti Oníkùnú Kubwa Lórí Ààyè Ìtajà Wa

Sí Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Bwari,
Abuja.

Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ OÚNJẸ ÀTI OHUN MÍMU ÌBÍLẸ̀ NÍ ÀÀYÈ NÍ IWÁJÚ PÍLÁSÀ TUNTUN

A kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá ọjà wa.

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni àwọn tí ń se oúnjẹ tà ní Kubwa: alámàlà, ẹlẹ́kọ, olómọ́ínmọ́ín, oníwàrà, onízobo àti oníkùnú. Púpọ̀ nínú wa jẹ́ Yorùbá tí ó ti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn wá. Àwọn kan ti ń dáná níbí kí rélùwéè Abuja sí Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2016. Ìyá Hausa wà nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá Gbagyi náà wà níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe, ìṣòro kan náà ni ó sì bá gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín rèé. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ń kọ́ pílásà sí etí títì tí a ti ń pàtẹ. Nígbà tí a lọ béèrè ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní gbogbo èyí tí ó kọjú sí títì ti wà fún àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tí orúkọ wọn ti kárí ayé, àti fún àwọn tí yóò máa ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ni wọ́n ní kí àwa máa wò, owó ọdún méjì ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alámàlà tí ó ń fi èrè òní ra èlùbọ́ ọ̀la, níbo ni yóò ti rí owó ọdún méjì kó kalẹ̀?

A mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ni pílásà náà, ẹ kò sì lọ́wọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ fún wa. Ṣùgbọ́n Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni dídá ọjà àti ibùdókọ̀ sílẹ̀ àti bíbójú tó wọn, àti àkóso ṣọ́ọ̀bù, kíósì àti ibi gbogbo tí a ti ń ta oúnjẹ fún aráàlú. Ìdí nìyẹn tí a fi sáré wá sọ́dọ̀ yín kí a tó lọ síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti fìríìjì fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń dùn wá jù. Aṣojú àwọn tí ń pín mínírà yóò wá bá ìyá tí ó ní búkà kékeré. Yóò gbé fìríìjì onídígí fún un láìgba kọ́bọ̀. Yóò fún un ní agboorùn ńlá, tábìlì àti àga oníke, yóò sì fi ọ̀dà àwọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn kun ògiri búkà náà. Inú ìyá á dùn, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Àmọ́ àdéhùn wà níbẹ̀: ohun mímu ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ni ó gbọdọ̀ wọ fìríìjì yẹn. Bí aṣojú bá padà dé tí ó bá zobo níbẹ̀, ó lè gbé fìríìjì rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Abuja kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ta ni yóò ra zobo lílọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí mínírà tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Oníbàárà kò kórìíra zobo, kò rí èyí tó tutù rà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ zobo ṣe di ẹni tí ń ta mínírà, tí èrè orí ìgò kan kò tó nǹkan, tí ògiri búkà rẹ̀ kò sì ní orúkọ tirẹ̀ lára mọ́.

Ti kùnú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó rẹ jéró mọ́jú, a ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú jínjà, kànáfùrù àti ànàmọ́. A ó da omi híhó sí apá kan kí ó lè ki, a ó pò ó mọ́ èyí tí ó kù, a ó tún fi í sílẹ̀ mọ́jú kí a tó sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, bí kò bá rí ibi tútù, kíá ni yóò kan. Ẹni tí kò ní iná ìjọba, tí kò sì lágbára àti máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ìba díẹ̀ tí yóò tà láàárọ̀ ni yóò máa ṣe.

Àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé adùn ni ó gbé mínírà kárí ayé, pé kí àwa náà ṣe tiwa kó dùn. Adùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò mọ̀ pé ìjọba gbé e lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Apòògùn kan, John Pemberton, ni ó po Coca-Cola ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ní 1886. Ọgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ náà dá ni pé wọn kì í ru omi káàkiri. Oje kíki ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn á wá omi, ìgò àti ọkọ̀ tiwọn. Ní 1899, dọ́là 1 péré ni wọ́n gbà fún ẹ̀tọ́ láti máa rọ ọ́ sígò ní apá tí ó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Eisenhower, ránṣẹ́ láti Àríwá Áfíríkà ní 1943 pé kí wọ́n kó ẹ̀rọ tí ó tó ilé ìrọgò 10 wá fún àwọn ọmọ ogun òun. Títí ogun fi parí, ilé ìrọgò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní òkè òkun ti di 64, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì wá ń rọ mínírà fún aráàlú nígbà tí àwọn ọmọ ogun padà sílé. Ní ilẹ̀ tiwa, 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola ní Èkó ní 1953. Seven-Up náà dé ní oṣù kẹwàá 1960, oṣù tí a gba òmìnira. A kò fi èyí sun ẹnikẹ́ni lẹ́sùn. Ohun tí a ń wí ni pé ohun tí ó ga báyìí, ó rí ẹni gbé e nígbà tí ó kéré.

Ohun mímu ìbílẹ̀ lè dúró bí ó bá rí ilẹ̀ tẹ̀. Ìdílé Lindley bẹ̀rẹ̀ sí í ta Inca Kola, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè, ní ìlú Lima ní orílẹ̀-èdè Peru ní 1935. Àwọn ará ibẹ̀ dì í mú débi pé McDonald's, ilé oúnjẹ ńlá Amẹ́ríkà tí ó wà lọ́dọ̀ wọn, ń tà á, Coca-Cola fúnra rẹ̀ kò sì rí i borí. Ìgbà tí ó di 1999 ni ó ra ìdajì rẹ̀. Ní Íńdíà, nígbà tí Coca-Cola kó kúrò ní 1977 nítorí òfin ìjọba ibẹ̀, Thums Up tí wọ́n ṣe fúnra wọn ni ó gba ọjà. Nígbà tí Coca-Cola padà wọlé ní 1993, ńṣe ni ó ra Thums Up, wọ́n sì ń tà á títí di òní.

Ti Mexico ni ó yà wá lẹ́nu jù. Òdòdó ìsápá pupa tí a fi ń se zobo, àwọn àgbẹ̀ Kano, Jigawa àti Katsina ń gbìn ín, Mexico sì wà lára àwọn tí ń rà á jù lọ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè wa. Bí àwa ṣe ń sè é ni àwọn náà ń sè é, wọ́n á mú un tutù, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ láìtijú. Mexico yìí kan náà ni ó fi owó orí peso 1 sórí lítà kan ohun mímu oníṣúgà ní oṣù kìíní 2014. Ìjọba àpapọ̀ wa náà ti fi náírà 10 sórí lítà kan nínú òfin ìṣúná tí wọ́n buwọ́ lù ní òpin 2021. Ìsápá wa ń gba orí òkun kọjá lọ gbayì nílẹ̀ àjèjì, ní Kubwa tí ọkọ̀ láti Kano ń dé lóòjọ́, kò rí abẹ́ òrùlé kan jókòó sí.

Ẹ ó gbọ́ pé omi wa kò mọ́, pé inú gọ́tà ni àwọn kan ti ń ṣa ìgò tí wọ́n fi ń rọ zobo. Ìbẹ̀rù náà tọ́, pàápàá lásìkò òjò tí onígbá-méjì máa ń jà. Àwa kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni ṣàìsàn nítorí ohun tí a tà. Nítorí náà, àwa fúnra wa ni a ń bẹ̀ yín pé kí wolé-wolé máa yẹ̀ wá wò, kí wọ́n sì fún ẹni tí ó bá ṣe dáadáa ní ìwé. Ti ṣúgà ńkọ́? Àwa pẹ̀lú ń fi ṣúgà sí zobo, ṣùgbọ́n oníbàárà wa lè ní kí a dín in kù, tàbí kí a má fi sí i rárá. Ìgò 50cl kọ́là tí wọn kò dín ṣúgà rẹ̀ kù máa ń ní tó gíráàmù 50 nínú. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2015 sì fi hàn pé ìwọ̀n yẹn kò yẹ kí àgbàlagbà jẹ kọjá lóòjọ́ nínú gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó mu. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa mu odidi ìgò kan ní ìsinmi ọ̀sán, yóò tún mu òmíràn nílé.

A kò ní kí ẹ lé àwọn ilé oúnjẹ ńlá lọ. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwa náà a máa jẹ adìyẹ wọn lọ́jọ́ ọdún. KFC tí ó dé Nàìjíríà ní 2009 ti ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tà, àjèjì tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń jẹun lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kenya ní oṣù kìíní 2022: ọ̀dùnkún díndín tán ní KFC ibẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ ojú omi tí ó ń kó o bọ̀ pẹ́ dé, nígbà tí ọ̀dùnkún kún oko àwọn àgbẹ̀ Kenya. Inú bí àwọn aráàlú púpọ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ilé oúnjẹ ńlá bá ra zobo tí wolé-wolé ti buwọ́ lù lọ́wọ́ wa, tàbí mọ́ínmọ́ín fún oúnjẹ àárọ̀, kò ní pàdánù ohunkóhun.

Nítorí náà, Ọ̀gá wa, a ń bẹ̀ yín kí ẹ pe àwọn tí ń kọ́ pílásà náà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ apá kan ṣọ́ọ̀bù iwájú sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ìbílẹ̀, kí a máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Inú wa yóò dùn bí ẹ bá lè gbẹ́ bọ́hòòlù kan sí ìtòsí wa, kí ẹ sì ràn wá lọ́wọ́ láti ní yàrá tútù kan tí gbogbo wa yóò jọ máa lò. A ó máa dá owó iná rẹ̀ láàárín ara wa. Ní ti ayẹyẹ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìdíje eré ìdárayá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ilé-iṣẹ́ mínírà kan má ṣe gba gbogbo ààyè ìtajà nítorí pé ó fúnni ní agboorùn àti fìlà. Bí ìwé NAFDAC bá sì pọn dandan fún èyí tí a bá rọ sígò, kí ẹ bá wa rí wọn kí a lè gbà á lápapọ̀, torí agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè ká a.

Wọ́n ti ń gba owó ṣọ́ọ̀bù iwájú lọ́wọ́lọ́wọ́. A bẹ̀ yín, kí ẹ fún wa ní ọjọ́ kan tí àwọn aṣojú wa lè wá rí yín ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó gbà á tán. A ó gbé zobo àti kùnú wá kí ẹ tọ́ ọ wò, a ó sì mú orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn dání.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Ẹgbẹ́
Alága
Akọ̀wé
Akápò

Lórúkọ gbogbo olóúnjẹ, onízobo àti oníkùnú Kubwa