Ìyẹ́ Tí Mo Gé Kúrú

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ilé ńkọ́? Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ tí gọ́ọ̀mù lẹ ìka ọwọ́ mi méjì pọ̀, eyín ni mo fi ya àpò rẹ̀. O bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra ère bàálù tó wà nínú páálí, tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀, kí n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí n kùn ún, kí ó sì tán láàárín oṣù kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì tí kò ní jẹ́ kí o fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo rí nìyí: tí mo bá ra ti inú páálí, mi ò ní mọ ìdí tí bàálù náà fi rí bó ṣe rí. Fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Corsair ni mò ń ṣe, bàálù ajagun tí ilé iṣẹ́ Chance Vought ṣe fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1940. Mo dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bàálù gidi fẹ̀ tó mítà 12.5 láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì, tèmi yóò jẹ́ mítà 1.56. Láti imú dé ìrù, mítà 1.27. Tábìlì tó o mọ̀ yẹn kò gbà á, ilẹ̀kùn àlòkù kan ni mo tẹ́ lé e lórí. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọjá nínú yàrá náà, àfi kó fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Ẹ́ńjìnnì ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Pratt & Whitney R-2800 ni, sílíńdà 18 tó tò yípo, mẹ́sàn-án níwájú, mẹ́sàn-án lẹ́yìn, tí àwọn ti ẹ̀yìn ń yọjú láàárín àwọn ti iwájú kí atẹ́gùn lè kan gbogbo wọn. Agbára ẹṣin 2,000 ló ní. Kí irú agbára bẹ́ẹ̀ má bàa ṣòfò, abẹ̀bẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ tóbi, ni wọ́n bá fún un ní abẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó fẹ̀ tó mítà 4 ó lé díẹ̀. Wàhálà dé. Abẹ̀bẹ̀ tó tó báyìí yóò gbálẹ̀ tí ẹsẹ̀ bàálù bá kúrú. Tí ẹsẹ̀ bá sì gùn, ó di ẹlẹgẹ́, bẹ́ẹ̀ orí ọkọ̀ ojú omi ló máa ń balẹ̀ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rọra balẹ̀. Wọ́n ń já lulẹ̀ ni. Wọ́n wá tẹ ìyẹ́ rẹ̀: láti ẹ̀gbẹ́ bàálù ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gòkè lọ sí ṣóńṣó. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ kúrú, ó sì le. Nígbà tó bá fẹ́ ká a, yóò ká a sẹ́yìn, táyà yóò yí ìdá kan nínú mẹ́rin títí yóò fi sùn pẹlẹbẹ nínú ìyẹ́.

Gbogbo èyí ni mo ti mọ̀ tipẹ́ láti inú ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n rárá, àfi ìgbà tí mo gbé pílíwúùdù lọ́wọ́. Ọ̀pá tó gba àárín ìyẹ́ kọjá, èyí tí gbogbo egungun ìhà dúró lé, gbọ́dọ̀ tẹ̀ bákan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo gé pílíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo so wọ́n mọ́ pákó tí mo gbẹ́ bí ìtẹ̀ náà, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí mo ṣe tú okùn tán, ọ̀pá náà nà díẹ̀, bí ẹni tó jí lójú oorun. Mílímítà 3 péré ni ìyẹ́ ọ̀tún fi ga ju ti òsì lọ. Kékeré ni lójú, àmọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀: mílímítà 24 nìyẹn lára bàálù gidi, tí yóò dúró bí arọ tó gbé igbá lérí. Ọ̀pá kejì náà nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbọ́n, mo tẹ pákó ìdìmú náà kọjá ibi tí mo fẹ́, kí ó lè nà padà sí ibi tó yẹ. Ọ̀pá méjì àkọ́kọ́ ṣì wà lára ògiri níbí, mo fi kọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ìgbà tí mo ń so ọ̀pá yẹn mọ́ ara bàálù ni mo wá rí ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Nítorí pé ìyẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó bá ẹ̀gbẹ́ bàálù tó rí róbótó pàdé lóòró gan-an, kò sí kọ̀rọ̀ híhá tí atẹ́gùn lè há sí, kò sì sí ìdí láti fi páànù dí i rẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn bàálù mìíràn. Ojútùú kan ṣoṣo ló pa ìṣòro méjì. Mo dìde, mo rìn káàkiri yàrá. Ìwọ lo yẹ kí o wà níbẹ̀.

Páànù alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi bò ó. Ó le jù láti tẹ̀ bó ṣe wà, àfi kí o fi iná rọ̀ ọ́, àmọ́ alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́ bí irin ṣe máa ń ṣe. Ìwọ yóò rò pé kò tíì gbóná, yóò sì dà sílẹ̀ lójijì. Bí mo ṣe dá ihò sí páànù àkọ́kọ́ nìyẹn, ihò tó gba orí mi. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ọṣẹ. Fi ọṣẹ gbígbẹ pa páànù náà lára, máa rọra gbé iná kọjá lára rẹ̀, nígbà tí ọṣẹ bá dúdú, gbé iná kúrò, jẹ́ kó tutù. Yóò rọ̀ débi pé àtàńpàkò lásán yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú bàálù. Àwọn tó ṣe bàálù gidi náà sì ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀: iná ni wọ́n fi lẹ ọ̀pọ̀ páànù ara rẹ̀ mọ́ egungun ní ojú kéékèèké, kó lè dán, nítorí náà ojú rivet, ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń so páànù mọ́ra, tí mo ní láti tẹ̀ kò pọ̀ tó ti bàálù mìíràn. Aṣọ ni wọ́n sì fi bo ẹ̀yìn ìyẹ́ níbi tó jìnnà sí ara. Aṣọ ni èmi náà fi bò ó. Egungun ìhà ń hàn lábẹ́ rẹ̀ bí ìhà ajá tó ti rìn jìnnà.

Ẹ́ńjìnnì jẹ oṣù mẹ́rin. Mi ò ní sọ púpọ̀. Ike pẹlẹbẹ ńlá, ike pẹlẹbẹ kékeré, ńlá, kékeré, mo ń to wọ́n lé ara wọn títí wọ́n fi di sílíńdà kan, ìgbà 18. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní púlọ́ọ̀gì méjì, wáyà 36 nìyẹn. Nígbà tí mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú ìdérí imú, àwọn mẹ́sàn-án ti ẹ̀yìn kò hàn mọ́. Èmi nìkan ló mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, àti ìwọ náà báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo ń sá fún láti òkè. Lára àwòrán ìwọ̀n, ìlà méjì wà ní ṣóńṣó ìyẹ́, ọ̀kan ni etí ìyẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀kan ni ibi tí ṣóńṣó ti so mọ́ ìyókù. Òru ni. Ìlà kejì ni mo tẹ̀ lé. Mo gé ti òsì, ó dára lójú mi. Mo fi ti òsì wọn ti ọ̀tún, mo gé ìyẹn náà. Àárọ̀ ni mo tó gbé rúlà lé e. Ìyẹ́ méjèèjì ti kúrú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 dín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méje, pẹ̀lú aṣọ tí mo ti bò tí mo sì ti fi ọ̀dà na.

Ọjọ́ kẹta ni nọ́ńbà yẹn ta sí mi lọ́kàn. Sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 20. Ọ̀rẹ́, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gé sẹ̀ǹtímítà 20 kúrò ní ṣóńṣó ìyẹ́ Corsair tiwọn! Tí wọ́n bá ká ìyẹ́ náà sókè, ó máa ń kan òrùlé ibi tí wọ́n ń tọ́jú bàálù sí nínú àwọn ọkọ̀ wọn, torí pé òrùlé náà rẹlẹ̀. Ni wọ́n bá gé e. Ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni èmi fi àṣìṣe ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni bàálù mi fi iṣẹ́ Amẹ́ríkà sílẹ̀, tó wọ iṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dà aláwọ̀ búlúù tí mo ti pò ti di ti nǹkan mìíràn. Eérú àti ewé ló kàn lókè, àwọ̀ ojú ọ̀run lábẹ́.

Má rò pé mò ń fi ọgbọ́n bo ìtìjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Mo gbà báyìí pé tiwọn ni ìtàn rẹ̀ dùn jù. Nígbà tí wọ́n kó ìbọn lọ sínú ìyẹ́, táńkì epo ni láti bọ́ sínú ara bàálù láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, èyí sì ti awakọ̀ sẹ́yìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Tó bá fẹ́ balẹ̀, imú gígùn yẹn ló ń rí, kò rí ọkọ̀. Ìyẹ́ òsì tún máa ń jábọ́ ṣáájú ti ọ̀tún nígbà tó bá dẹ̀rọ̀. Amẹ́ríkà wò ó, wọ́n ní kò tíì yẹ fún orí ọkọ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún àwọn Marine, ọmọ ogun wọn tó ń ti ojú omi jà dé ilẹ̀, láti máa lò lórí ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kò dúró. Awakọ̀ wọn máa ń yípo wá bí àwòdì, ó ń wo ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú títí di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Gígé ìyẹ́ kúrú pàápàá ràn wọ́n lọ́wọ́, torí kì í jẹ́ kí bàálù náà máa léfòó nígbà tó yẹ kó balẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọdún 1944, nígbà tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù lu Tirpitz, ọkọ̀ ogun Jámánì tó sá pamọ́ sí Nọ́wè, Corsair láti orí ọkọ̀ HMS Victorious wà lára àwọn tó ṣọ́ wọn lókè. Lọ́dún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà á láyè gidi lórí ọkọ̀ tiwọn.

Nítorí náà mo ti pinnu pé kíká ni ìyẹ́ tèmi yóò wà. Tí mo bá nà án, ta ni yóò mọ̀ pé wọ́n gé e nítorí òrùlé? Mo ti gbẹ́ ihò ìsopọ̀ méjèèjì, mo ti ki ọ̀pá bàbà sí i. Ó ká, ó ń dún kẹ̀ẹ́ẹ̀, kò sì wó. Àǹfààní mìíràn ni pé ẹni tó bá ń kọjá nínú yàrá yóò lè fi iwájú rìn.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé gígùn báyìí ni abẹ̀bẹ̀. Mo ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò jọ nǹkan kan. Ọ̀kan nípọn bí àjẹ̀ ọkọ̀, ọ̀kan ti fọ́ nídìí. Ìwọ lo mọ ọ̀bẹ í lò láàárín àwa méjèèjì, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ni mo fẹ́, kí gbogbo ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51 nígbà tí mo bá tò ó. Mo ya àwòrán ẹnu kan sórí ìwé tó wà nínú àpò lẹ́tà yìí, mo sì fi ìlà mẹ́fà sí i láti fi bó ṣe ń lọ́ hàn ọ́ láti ìdí dé orí. Igi tó bá wù ọ́ ni kí o lò, kó ṣáà má ní kókó. Jọ̀ọ́, ṣọ́ra fún ìhà tó ń yí sí. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ń rí i tó ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, èmi àti ìwọ tá a dúró níwájú yóò rí òdìkejì. O rántí èyí tó o gbẹ́ fún mi lọ́jọ́sí, tí ì bá máa fi ẹ̀yìn fò.

Kí gbogbo ará ilé fún mi. Mò ń retí páálí rẹ.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ oníyẹ̀ẹ́ kúkúrú