Lẹ́tà sí Bùnmi: ó ku ọjọ́ méjì

Bùnmi mi ọ̀wọ́n,

Ó yẹ kí n ti pè ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ẹkún ni n óò bú sí, o ò sì ní gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ṣé ara le? Ṣé bàbá Tèmi wà dáadáa? Ṣé òtútù Manchester ti dẹwọ́ díẹ̀?

Ajá bu ọmọ Màmá Ìbejì jẹ. Kì í ṣe Tamọ̀la ajá mi o. Ajá tiwọn náà ni, pupa tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí máńgòrò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdòwú ló bù jẹ, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Àmọ́ èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó fi kó sí ajá lẹ́nu.

O rántí fídíò àwo oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn tí mo fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ajá, tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà Iléyá, tí o ní àdìrẹ ọrùn mi dára gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ inú rẹ̀ gbà mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi jìnnà sí Tamọ̀la bó ṣe ń jẹun, mo ju ègé ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ sẹ́bàá àwo rẹ̀, mo yí padà, mo lọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ó di ọjọ́ karùn-ún kí n tó fi ìṣísẹ̀ kan sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó dẹ́kun jíjẹ, ara rẹ̀ le gbagidi lórí àwo náà, mo bá padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, a tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé bí èèyàn bá ń bọ̀ nídìí àwo òun, ẹran ló ń gbé bọ̀, kò wá jalè. Ìyẹn ò ṣeé kọ́ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí mo wá ń gé fídíò náà, mo ní ta ló fẹ́ jókòó wo ajá tó ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Dátà wọ́n. Mo fi ọjọ́ kìíní síbẹ̀, mo kọ “lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta” wínníwínní sí ìsàlẹ̀, ohun tó kàn ni ọwọ́ mi nínú àwo, Tamọ̀la ń ju ìrù. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ka lẹ́tà wínníwínní, Bùnmi. Ọwọ́ ló rí.

Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún ni, ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Igbe ni mo gbọ́. Kí n tó dé ọ̀hún, ìyá àgbà wọn ti gbé epo pupa jáde, ẹnì kan ń wí pé kí wọ́n gé lára irun ajá náà kí wọ́n fi lé ojú ọgbẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo fa Ìdòwú dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, fóònù mi ń ka aago níwájú wa. Ojú méjì ni ọgbẹ́ náà ní, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan jìn, èkejì kò ju bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un lọ. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ó ní, “Àǹtí, ó ti tó.” Mo ní kò tíì tó. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kẹwàá, òun gan-an ti ń bá mi ka èyí tó kù, ikun ń dà lójú ẹnu rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti tán níbẹ̀. Ìkejì ló ní in. Ó ti gba ti ọjọ́ náà gan-an, ó gba ti ọjọ́ kẹta, àná ló gba ti ọjọ́ keje, ó ṣì ku èyí tó máa gbà. Wọn ò rí káàdì abẹ́rẹ́ ajá wọn. Bàbá wọn ní òun ti gún un lábẹ́rẹ́ níjọ́sí. Mo ní níjọ́sí wo, sà? Kò rántí.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò ti gbé igi kí dókítà ẹranko tó dá wọn dúró lórí fóònù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa ajá náà, kí a so ó síbi tí kò ti ní kan ẹnikẹ́ni, kí a máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí dìgbòlugi bá wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé yóò ti hàn lára rẹ̀. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kí n tó fọ ẹnu láràárọ̀ ni mo ti máa ń dé ìdí máńgòrò yẹn. Ó ń jẹun. Ó ń mu omi. Ó ń ju ìrù sí mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ mẹ́wàá pé. Dìgbòlugi tí a máa ń fi bú ara wa lọ́nà ilé ìwé nígbà yẹn, bó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ojú ọgbẹ́ lẹ máa wò. Níbí, ọkàn ti sáré lọ síbòmíì kí ẹ̀jẹ̀ tó dá.

Màmá Ìbejì ò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, “Àǹtí Tóyìn, ohun tí ẹ ṣe náà ló ṣe.” Ó ń dún létí mi bí mo bá fẹ́ sùn.

Ṣèyí ti bí ọkùnrin làǹtìlanti, orúnkún Màámi ti ń san, jẹnẹrétọ̀ wa ti dákú pátápátá, bàtà tí o fi ránṣẹ́ bá mi lẹ́sẹ̀ wẹ́kú, o ṣeun.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Ìdòwú ya fídíò bí ajá ṣe bù ú jẹ. Ó gbé fóònù ìyá rẹ̀ ti garawa, torí ó fẹ́ ṣe bíi tèmi. Sẹ́kọ́ńdì 22 ni. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ajá.” Ilẹ̀ ni fóònù wà, nítorí náà ojú ajá ló hàn, ti Ìdòwú ò hàn. Mo ti wò ó títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ní sẹ́kọ́ńdì kẹsàn-án, ajá dẹ́kun jíjẹ. Ẹnu rẹ̀ wà nínú àwo, àgbọ̀n rẹ̀ ò mì mọ́. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó gbójú sókè láìgbé orí, funfun ojú rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí oṣù tuntun. Ètè rẹ̀ ká díẹ̀, eyín kan hàn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọmọ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ajá yẹn bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà ní èdè yẹn, èmi tó sì yẹ kí n kọ́ ọ, ẹ̀yìn Tamọ̀la ló kọ sí kámẹ́rà nínú fídíò tèmi. Àdìrẹ mi àti ẹ̀rín mi ló kún ibẹ̀.

Bàbá wọn ti pa á lówe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe àgbà ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ajá yẹn ní fèrè? Ọdẹ kì í kàn jí lọ́jọ́ kan kó fun fèrè fún ajá tí kò gbọ́ ọ rí. Karen Pryor, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní dolphin ní Hawaii ní àwọn ọdún 1960, fèrè náà ló lò: ẹranko ṣe dáadáa, fèrè dún lójú ẹsẹ̀, ẹja tẹ̀ lé e. Fèrè ò ní ìtumọ̀ kankan títí oúnjẹ á fi máa tẹ̀ lé e lójoojúmọ́. Ahọ́n ni èmi ń ta ní tèmi, “tọ́!”, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò rówó ra nǹkan. Ìdòwú mọ “tọ́” yẹn dáadáa. Ó ta á nínú fídíò rẹ̀.

Mo ti yọ tèmi kúrò, mo sì ti ń ya òmíràn. Orí àpótí kékeré ni mo ń gbé fóònù sí báyìí, kó dọ́gba pẹ̀lú ojú Tamọ̀la, ní aago méje àárọ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, gàdàgbà, láàárín ojú fídíò. Ọjọ́ tó le gbagidi tí mo padà sẹ́yìn yẹn, òun ló máa gùn jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú ni pé ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣe ti àwo oúnjẹ rárá, ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ kò sì yẹ fún un. Mo ń tún àwọn ti àtijọ́ wò pẹ̀lú. Nínú èkejì, mo ń bá Tamọ̀la wí pé olóríkunkun ni, torí ó ń jókòó bí mo bá ní “dúró”. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi ni mo mọ̀: “jókòó”, “dúró”, ìparí kan náà, ohùn òkè kan náà. Mo ti yí “dúró” sí “má lọ”. Ọjọ́ kẹta ló ti yé e.

Bùnmi, mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ. O ní Tèmi ti fi ẹkún gba ọmọ ajá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, pé ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo mọ bí àyà rẹ ṣe máa ń já bó o bá rí ajá láti ọjọ́ ilé Ìyá Alágbo, ìdí gan-an tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ìwọ nìyẹn. Àwọn tí mò ń ya fídíò hàn níbí, wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n á ní ó yé wọn. Ìwọ ò ní lè díbọ́n. N óò fi ẹ̀kọ́ kìíní ránṣẹ́, “jókòó” lásán, kò kan àwo. Má pè mí kí n là á yé ọ. Ohun tó wà nínú fídíò nìkan ni kí ìwọ àti Tèmi fi ṣe é, kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ ya ara yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láìgé e. Ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró wo ara yín lójú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ajá náà jókòó sílé o. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé bíi ìkẹrìnlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sí nǹkan tuntun jù. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò bá tíì pé, ẹ gbé e mọ́ra, kó rí bọ́ọ̀sì, kó rí agbòòrùn, kó rí àwọn àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn.

Ìdòwú béèrè lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí bóyá wọ́n máa pa ajá náà. Ó ní kí wọ́n má pa á, òun lòun fi ọwọ́ sí oúnjẹ ẹlòmíì.

Ilẹ̀ ti ṣú. N óò lọ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni n óò pè ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé mo pè kí ọjọ́ náà tó dé, jọ̀ọ́, ohun yòówù tí o bá ń ṣe, gbé e.

Tìrẹ ni mo jẹ́,
Tóyìn