Ètò ààbò ara kì í ṣe jagunjagun nìkan

Sí Olóòtú,

Nínú àlàyé tí ẹ ṣe lórí ètò ààbò ara, ẹ sọ pé gbígbógun ti kòkòrò àrùn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, àti pé kò ní ohunkóhun í ṣe nínú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ yìí kù díẹ̀ káàtó.

Nígbà tí ọpọlọ ọmọdé bá ń dàgbà, ojú ìsopọ̀ tó máa ń ṣe láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa yóò fìdí múlẹ̀, a ó sì mú èyí tí kò wúlò kúrò, bí àgbẹ̀ ti ń fa irúgbìn tó hù lé ara wọn tu kí ìyókù lè ráyè. Ta wá ni ó ń ṣa èyí tí a ó fà tu? Ní 1998, onímọ̀ nípa ọpọlọ Carla Shatz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fúnra wọn ń ṣe pròtíìnì MHC class I (àmì tí ètò ààbò ara fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀), èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sí lára wọn. Ní 2007, Beth Stevens, Ben Barres àti àwọn mìíràn fi hàn nínú èkúté pé C1q àti C3, àwọn pròtíìnì ètò ààbò ara tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò lè dá a mọ̀, wà lára àwọn tó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti mú ojú ìsopọ̀ tó ti pọ̀ jù kúrò. Microglia, ẹ̀ṣọ́ tó ti ń gbé inú ọpọlọ láti ìgbà tí oyún ṣì kéré jọjọ, ni ó ń gbé àwọn ojú ìsopọ̀ náà mì. (Ẹ ò rí i pé àmì kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀tá àti fún ará ilé!)

Ní 2016, ìwádìí kan so apilẹ̀ àbùdá C4, tó wà nínú ìdílé kan náà pẹ̀lú C3, mọ́ ewu schizophrenia, àrùn ọpọlọ tó máa ń da ìrònú ènìyàn rú. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀, kí ẹ má ṣe sọ pé a ti mọ ohun tó ń fa àrùn náà, nítorí pé ewu díẹ̀ ni irú C4 tí ènìyàn jogún ń fi kún un, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì jogún irú rẹ̀ ni àrùn náà kò ní kọlù láéláé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín